Kevin Barry (1902–1920): Ìgbésí Ayé Rẹ̀ àti Orin Ọ̀tẹ̀ tí a Fi Orúkọ Rẹ̀ Pè

Ìfáárà

Orin ọ̀tẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Áyálándì. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi orin sọ ìtàn àwọn tí ó dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń fi orin kan náà dárò àwọn tí ìjọba náà pa. Nínú gbogbo orin wọ̀nyí, díẹ̀ ni ó tàn kálẹ̀ tó èyí tí a fi orúkọ Kevin Barry pè. Ọmọ ọdún 18 ni Barry nígbà tí wọ́n yẹgi fún un ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Mountjoy ní ìlú Dublin, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú, ọdún 1920. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni ní yunifásítì. Kò jẹ́ olórí ogun, kò jẹ́ olóṣèlú, kò sì kọ ìwé kankan sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí kò mọ orúkọ ọ̀gágun kan ṣoṣo nínú ogun òmìnira ilẹ̀ Áyálándì mọ orúkọ rẹ̀ nítorí orin.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó sọ ìtàn ìgbésí ayé Kevin Barry láti ìgbà ìbí rẹ̀ títí dé ìgbà ikú rẹ̀. A ó sì wo bí orin rẹ̀ ṣe jáde, ohun tí orin náà sọ, ohun tí kò sọ, àti ọ̀nà tí ó gbà rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ wa kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn: bí orin bá gba ìtàn ènìyàn mọ́ ọn lọ́wọ́, ta ni ó ku tí a ń rántí?

Ilẹ̀ Áyálándì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún

Láti ọdún 1801 ni òfin ti so ilẹ̀ Áyálándì pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe òfin fún un. Ẹlẹ́sìn Àgùdà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ibẹ̀, ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí agbára àti ilẹ̀ wà ní ọwọ́ wọn. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí àwọn máa ṣe àkóso ara àwọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ìbọn nìkan ni yóò lé Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ Ọdún Àjíǹde ọdún 1916, ọ̀wọ́ ológun kan gba àwọn ilé pàtàkì ní Dublin, wọ́n sì kéde pé ilẹ̀ Áyálándì ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ni kò kọ́kọ́ fi ojúure wo àwọn ọlọ́tẹ̀ náà, nítorí ìparun tí ìjà wọn mú bá ìlú. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìméjì, fún ọjọ́ bí i mélòó kan. Bí ìròyìn ikú wọn ṣe ń jáde ni ọkàn àwọn ènìyàn ń yí padà. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ìparí ọdún 1918, ẹgbẹ́ òṣèlú Sinn Féin, tí ó ń bèèrè òmìnira, gba ìjókòó 73 nínú 105 tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áyálándì. Àwọn aṣòfin náà kọ̀, wọn kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n jókòó sí Dublin ní ọjọ́ 21, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1919, wọ́n sì dá ilé ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀. Ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Inú ayé báyìí ni Kevin Barry ti di ọ̀dọ́kùnrin.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ọjọ́ 20, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1902 ni wọ́n bí Kevin Gerard Barry ní ilé 8, òpópónà Fleet, ní àárín gbùngbùn Dublin. Thomas Barry ni orúkọ bàbá rẹ̀. Mary ni orúkọ ìyá rẹ̀, Dowling sì ni orúkọ ìdílé tí ìyá náà ti wá. Ọmọ méje ni àwọn òbí rẹ̀ bí, ọkùnrin méjì àti obìnrin márùn-ún. Kevin ni ìkẹrin, òun sì ni àbúrò nínú ọkùnrin méjèèjì. Iṣẹ́ wàrà ni bàbá wọn ń ṣe: ó ní oko àti màlúù ní Tombeagh, ní agbègbè Carlow, ó sì ń ta wàrà fún àwọn ará Dublin. Ìdílé tí ó rí jájẹ ni, kì í ṣe tálákà, kì í sì í ṣe ọlọ́lá.

Ọdún 1908 ni bàbá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Kevin nígbà náà. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí oko ní Tombeagh, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní abúlé Rathvilly ni ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Nítorí náà, apá méjì ni ìgbà èwe rẹ̀ ní: ọmọ oko ni, ọmọ ìgboro sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí ó padà sí Dublin, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ St Mary's ní Rathmines.

Ìgbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sí ibi ayẹyẹ orin tí wọ́n ṣe láti rántí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áyálándì mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún ní agbègbè Manchester ní ọdún 1867. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí ń múra sílẹ̀ fún ìjà òmìnira. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n dá a lẹ́kun. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iyè sí ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré yìí. Ìrántí àwọn tí wọ́n yẹgi fún ní ọdún márùndínlógójì ṣáájú ìbí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ru ọkàn ọmọ náà sókè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun fúnra rẹ̀ di ẹni tí a ń kọrin rántí.

Ilé ẹ̀kọ́ Belvedere àti ẹgbẹ́ ológun

Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ St Mary's pa ní ọdún 1916. Barry bọ́ sí Belvedere, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn àlùfáà Jésúíìtì dá sílẹ̀ ní àárín Dublin. Ó mọ eré ìdárayá gan-an. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí ó gba ife ẹ̀yẹ rugby, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ eré hurling, eré ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áyálándì tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó fẹ́ràn ijó àti àwàdà, ni gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ròyìn rẹ̀ sí.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1917, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó wọ ẹgbẹ́ ológun Irish Volunteers, èyí tí ó di IRA nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ jíjẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi rán an: ó ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ìlú láti mú àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ọ ní ìbọn. Ọ̀sán ni ó ń kàwé, alẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1919, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú Dublin, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní University College, Dublin.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Òkúdu ọdún 1920, ó wà lára àwọn tí ó kọlu àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ King's Inns, ilé àwọn amòfin ní Dublin. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti gba ìbọn àti ọta lọ́wọ́ àwọn ológun náà, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni kú. Ìgbìyànjú yìí yọrí sí rere débi pé àwọn ọ̀gá wọn gbà pé irú rẹ̀ mìíràn ṣeé ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n mú un

Ogun tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áyálándì ń jà kò ní ìbọn tó. Ohun tí wọ́n ń wá lójoojúmọ́ ni bí wọn yóò ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ akẹ́rù ológun Gẹ̀ẹ́sì kan máa ń wá kó búrẹ́dì ní ilé búrẹ́dì Monk ní òpópónà Church, àti pé ìwọ̀nba ológun díẹ̀ ni ó máa ń tẹ̀ lé e. Ìpinnu wọn ni láti yí ọkọ̀ náà ká, kí wọ́n gba ìbọn, kí wọ́n sì túká.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 1920 ni wọ́n yàn. Barry ní ìdánwò ní yunifásítì ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Ó lọ sí Mísà ní òwúrọ̀, ó sì lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dá a lójú pé òun yóò padà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ọkọ̀ náà dé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà yí i ká, wọ́n sì pàṣẹ fún àwọn ológun pé kí wọ́n gbé ìbọn wọn sílẹ̀. Ní àkókò náà ni ìbọn kan ró, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ tí ó wà lọ́wọ́ Barry há. Ó kúnlẹ̀ láti tún un ṣe, ó yìn ín, ó tún há. Nígbà tí ó fi gbé ojú sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sá padà. Ó rá sí abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó ń retí pé kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ, kí òun lè dìde, kí òun sì darapọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn òpópónà. Obìnrin kan tí ó ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ yóò tẹ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pa ni ó figbe ta. Báyìí ni àwọn ológun ṣe rí i. Àánú ni ó mú kí obìnrin náà kígbe. Igbe àánú náà ni ó gbé ọmọ náà lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Ológun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni ó kú nínú ìjà náà: Harold Washington, Marshall Whitehead àti Thomas Humphries. Ẹnìkan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn méjì yòókù kú nítorí ọgbẹ́ tí wọ́n gbà. Ọ̀dọ́ ni àwọn náà, ọjọ́ orí wọn kò jìnnà sí ti ọmọ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀.

Àtìmọ́lé àti ìgbẹ́jọ́

Wọ́n mú Barry lọ sí bárékè àwọn ológun ní North Dublin Union. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni orúkọ àwọn tí wọ́n jọ lọ. Nínú ẹ̀rí tí ó búra sí ní ọjọ́ 28, oṣù Ọ̀wàrà, ó ṣàlàyé pé wọ́n dojú òun bolẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ òun mọ́lẹ̀, wọ́n sì lọ́ òun lápá kí òun lè dárúkọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn olórí ẹgbẹ́ òmìnira ni wọ́n bèèrè fún ẹ̀rí yìí, nítorí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí ẹni tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní oṣù Ògún ọdún náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe òfin tí ó fún kóòtù ológun ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí, kí wọ́n sì dá ẹjọ́ ikú láìsí àwọn ará ìlú tí yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ọ̀ràn. Kóòtù ológun bẹ́ẹ̀ ni Barry fojú kàn ní ọjọ́ 20, oṣù Ọ̀wàrà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó pa Marshall Whitehead. Agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Barry sọ fún kóòtù pé ológun orílẹ̀-èdè olómìnira ni òun, àti pé kóòtù náà kò ní àṣẹ lórí òun. Agbẹjọ́rò náà jáde, nítorí kò sí ohun tí ó kù tí ó lè ṣe. Bí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹlẹ́jọ́ náà kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.

Kókó kan wà nínú ìgbẹ́jọ́ yìí tí àwọn amòfin ń tọ́ka sí títí di òní. Ọta tí dókítà rí nínú ara Whitehead tóbi ju irú èyí tí ìbọn Barry ń lò lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé fún kóòtù pé kò pọn dandan kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọwọ́ Barry ni ó pa ológun náà. Ó tó pé ó wà lára àwọn tí ó kọlu ọkọ̀. Lójú òfin tí wọ́n ń lò, gbogbo wọn ni ó jẹ ẹ̀bi náà. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, kì í ṣe nípa ìbọn tí a ń fi pa ológun, bí kò ṣe nípa okùn tí a ń fi pa ọ̀daràn.

Ẹ̀bẹ̀ àti ikú

Nígbà tí ìròyìn ìdájọ́ náà tàn, ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi púpọ̀. Laurence O'Neill, tí ó jẹ́ olórí ìlú Dublin, bẹ̀bẹ̀. William Walsh, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Àgùdà ní Dublin, bẹ̀bẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ tẹ̀ mọ́ jù lọ ni ọjọ́ orí rẹ̀: ọmọdé ni, ẹ má pa ọmọdé. Lójú ìjọba, àwọn ológun tí ó kú náà jẹ́ ọmọdé, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yóò sì bínú bí wọ́n bá rí i pé ẹni tí wọ́n mú níbi tí wọ́n ti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba ìdáríjì. Ẹ̀bẹ̀ kò wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Barry náà gbèrò láti gbà á sílẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n èrò náà kò yọrí sí ibì kan.

Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀ wúwo fún gbogbo ilẹ̀ Áyálándì. Ní ọjọ́ 25, oṣù Ọ̀wàrà, Terence MacSwiney, olórí ìlú Cork, kú ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọjọ́ 74 tí ó fi kọ oúnjẹ. Ọjọ́ 31 oṣù náà ni wọ́n sin ín. Ọjọ́ náà kan náà ni ìyá Barry àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí Mountjoy láti dágbére fún un.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú, tí í ṣe àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ nínú ìjọ Àgùdà, ni wọ́n pa á. Ó gbọ́ Mísà méjì nínú yàrá ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Lóde ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kúnlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. John Ellis, ayẹgi tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí wọ́n yẹgi fún nítorí ìjà òmìnira ilẹ̀ Áyálándì láti ìgbà tí wọ́n ti pa Roger Casement ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1916. Wọn kò gbé òkú Barry fún ìyá rẹ̀. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí ikú rẹ̀ fà

Bí ìjọba bá rò pé ikú Barry yóò dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́, òdì kejì ni ó rí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọ ẹgbẹ́ ológun lẹ́yìn ikú rẹ̀. Oṣù Bélú náà di ọ̀kan nínú àwọn oṣù tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù lọ nínú ogun náà. Ní ọjọ́ 21, àwọn ènìyàn Michael Collins pa àwọn amí Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin ní òwúrọ̀, àwọn ológun ìjọba sì yìnbọn lu àwọn òǹwòran ní pápá ìṣeré Croke Park ní ọ̀sán. Oṣù Agẹmọ ọdún 1921 ni wọ́n tó dá ìjà dúró. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó fún apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áyálándì ní ìjọba tirẹ̀.

Kí ìjà tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti yẹgi fún ọkùnrin mẹ́sàn-án mìíràn ní Mountjoy. Frank Flood, ọmọ ọdún 19, wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan náà ni, ọ̀rẹ́ Barry sì ni. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ Barry.

Bí orin náà ṣe jáde

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Barry tí orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Kò sí orúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Èyí tí a gbọ́ jù ni pé ọmọ ilẹ̀ Áyálándì kan tí ó ń gbé ní Glasgow, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kì í ṣe tuntun: ohùn orin àwọn atukọ̀ ojú omi ni, orin tí wọ́n máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé láti ìrìnàjò jíjìn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò ní láti kọ́ ohùn mọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ní láti há sórí. Nítorí náà ni ó ṣe tètè wọ ẹnu àwọn ènìyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn yóò rí i pé gbogbo àmì tí a mọ̀ mọ́ irú lítíréṣọ̀ yìí ni ó wà lára orin náà. Kò ní oní-nǹkan kan pàtó. Ẹnu dé ẹnu ni ó ń gbà rìn, nítorí náà ó ní ẹ̀dà púpọ̀: ẹsẹ̀ tí àwọn kan ń kọ kò sí nínú ti àwọn mìíràn. Ó sì fi ohun tí àwùjọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ohùn orin, gbé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun tí orin náà sọ àti ohun tí kò sọ

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n pa ọmọ náà. Ó dárúkọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú láti sọ bí ó ṣe gbé orí sókè lọ sí ibi ikú. Ó fi bí àwọn ológun ṣe fìyà jẹ ẹ́ hàn, pé wọ́n fẹ́ kí ó dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀. Ó fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn pé wọn kò yìnbọn pa òun bí ológun, bí kò ṣe pé wọ́n so òun rọ̀ bí ajá. Ìyá rẹ̀ tí ó ń dágbére fún un wà nínú àwọn ẹ̀dà kan. Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni èrò tí àwọn àgbà wa fi òwe sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Púpọ̀ nínú ohun tí orin sọ bá ìtàn mu. Ọjọ́ Ajé ni lóòótọ́. Ọmọ ọdún 18 ni. Ẹ̀rí tí ó búra sí wà pé wọ́n lọ́ ọ lápá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí orin fi sílẹ̀ kò kéré. Kò mẹ́nu ba ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì mẹ́nu ba àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí ó lọ kó búrẹ́dì tí wọn kò padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tiwọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin nìkan lè rò pé wọ́n kàn mú ọmọ kan ní òpópónà, wọ́n sì pa á nítorí pé ó fẹ́ràn ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ìdí tí orin fi ṣe bẹ́ẹ̀ hàn. Iṣẹ́ orin ọ̀tẹ̀ ni láti kó àwọn ènìyàn jọ sí ẹ̀yìn ohun kan, kì í ṣe láti wọn ọ̀ràn lórí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ òpìtàn yàtọ̀ sí i. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà Church kò gbọdọ̀ gbọ́ ti orin nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ti kóòtù ológun nìkan. Kóòtù rí ẹni tí ó wà níbi tí wọ́n ti pa ènìyàn. Kò rí ológun tí ó ń jà fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Orin rí ọmọ tí wọ́n pa. Kò rí àwọn ọmọ mìíràn tí ó kú ṣáájú rẹ̀.

Ohun mìíràn tí orin fi sílẹ̀ ni Barry fúnra rẹ̀, ìyẹn ọmọ tí ó ń gbá rugby, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó fi ìdánwò sí ọ̀sán, tí ó fi ìjà sí òwúrọ̀. Orin ti sọ ọ́ di ajẹ́rìíkú. Ajẹ́rìíkú kì í gbàgbé ìdánwò, ìbọn rẹ̀ kì í sì í há. Ní èrò tiwa, ènìyàn tí ó há sí abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú ìbọn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ó sì tún kọ̀ láti dárúkọ àwọn tí ó sá fi í sílẹ̀, ní ìgboyà tí ó jinlẹ̀ ju ti ẹni inú orin lọ.

Ìrìnàjò orin náà

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áyálándì tí ó ti tú káàkiri ayé ni wọ́n gbé orin náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn Clancy Brothers, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ilẹ̀ Áyálándì tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, gbà á sílẹ̀ sínú àwo orin. Leonard Cohen, akéwì àti olórin ará Kánádà, kọ ọ́ lórí ìtàgé pẹ̀lú.

Èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà fi ọkàn sí jù ni ti Paul Robeson. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni Robeson. Wọ́n bí i ní ọdún 1898, ẹrú tí ó sá kúrò lóko ẹrú sì ni bàbá rẹ̀. Ó lo ohùn rẹ̀ tí ó nípọn láti kọ orin àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú, ó sì tún kọ orin àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí a ń ni lára ní ọ̀pọ̀ èdè. Ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ọdún 1950 nítorí èrò òṣèlú rẹ̀, wọn kò sì dá a padà títí di ọdún 1958. Robeson gba orin Kevin Barry sílẹ̀ sínú àwo. Nígbà tí ọmọ ẹrú bá kọ orin ọmọ ilẹ̀ Áyálándì tí wọ́n so rọ̀, orin náà kì í ṣe ti ilẹ̀ kan mọ́. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mọ ohun tí okùn túmọ̀ sí, nítorí wọ́n ti so àwọn ènìyàn tiwọn rọ̀ sórí igi láìsí kóòtù kankan.

Ìrántí rẹ̀ ní ilé

Ní ọdún 1934, wọ́n ṣí fèrèsé gíláàsì aláràbarà kan ní University College, Dublin, ní ìrántí Barry. Nígbà tí yunifásítì náà kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́, fèrèsé náà ṣì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2011 tí wọ́n gbé e lọ sí ibùdó tuntun ní Belfield. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà ní Rathvilly, abúlé tí ó ti kọ́kọ́ kàwé.

Ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí òun àti àwọn mẹ́sàn-án yòókù fi dùbúlẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti pa wọ́n, débi pé àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní Àwọn Mẹ́wàá tí a Gbàgbé. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2001, ìjọba ilẹ̀ Áyálándì hú òkú wọn, wọ́n sì fi ẹ̀yẹ ìjọba tún wọn sin. Mẹ́sàn-án nínú wọn, Barry pẹ̀lú, wà ní itẹ́ òkú Glasnevin ní Dublin. Ìkẹwàá, Patrick Maher, ni wọ́n gbé lọ sí agbègbè rẹ̀ ní Limerick. Awuyewuye wà lórí ayẹyẹ náà. Àwọn kan ní ẹ̀yẹ tí ó pẹ́ ni. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé yóò fi ọlá fún àwọn tí ó ṣì ń fi ìbọn ṣe òṣèlú ní apá àríwá erékùṣù náà, níbi tí àdéhùn àlàáfíà kò tíì pẹ́ púpọ̀.

Àgúnlẹ̀

Ọdún 18 àti oṣù mẹ́sàn-án ni Kevin Barry lò láyé. Iṣẹ́ ogun rẹ̀ kò pọ̀, ìgbà tí ó sì kẹ́yìn nínú ìjà, ó kùnà. Ohun tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ wà títí di òní ni ọ̀nà tí ó gbà kú, àti pé ẹnìkan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ fi ohùn àwọn atukọ̀ kọ ọ́ lórin. Nínú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n sin sí Mountjoy, òun nìkan ni orin rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀. Ìgboyà Frank Flood kò kéré sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Flood rí?

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe ìwádìí lórí orin ogun, orin ọ̀tẹ̀ tàbí oríkì akọni ní àwùjọ tirẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni orin yìí ń rántí? Ta ni ó kú ní ọjọ́ kan náà tí orin kò dárúkọ? Kí ni àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fẹ́ kí olùgbọ́ dìde ṣe? Ìdáhùn sí ìbéèrè kìn-ín-ní wà nínú orin. Ti èkejì àti ìkẹta kò sí níbẹ̀. Inú ìwé kóòtù, ìwé ìròyìn àti ẹnu àwọn àgbà ni a ti ń wá wọn.